Mọ́tò Òjò Dídì Nínú Ẹrẹ̀ Bonamoussadi

Pákó méjì ni wọ́n fi yọ mọ́tò náà. Òjò ti rọ̀ mọ́jú ní Bonamoussadi, irú òjò Douala tó jẹ́ pé bó bá dá, ó kàn fẹ́ mí ni. Toyota aláwọ̀ yẹ́lò kan sì ti rì sẹ́nu ọ̀nà tó wọ àdúgbò ẹ̀gbọ́n mi. Awakọ̀ ń tẹná mọ́ ọn, táyà ẹ̀yìn ń pòòyì, ẹrẹ̀ ń ta sí gbogbo wa láṣọ, mọ́tò ò kúrò lójú kan. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń rì sí i. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta kan ti jókòó sábẹ́ búkà, wọ́n ń wò ó. Ìgbà tí wọ́n rí i pé ọwọ́ awakọ̀ ti rọ ni wọ́n tó dìde. Wọ́n kọ́kọ́ ná an lówó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé pákó fífẹ̀ méjì wá, wọ́n fi ọwọ́ wa ẹrẹ̀ kúrò lẹ́nu táyà, wọ́n ki pákó bọ̀ ọ́ lábẹ́, wọ́n ní kí awakọ̀ rọra tẹ̀ ẹ́. Ó jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣòwò ní Douala láti ìgbà tí mo ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Pákó yẹn ni wọ́n fi ń jẹun láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹsàn-án." Ó rò pé owó tí wọ́n gbà ló yà mí lẹ́nu. Kì í ṣe owó. Mo ti rí pákó yẹn rí, nínú àwòrán, lábẹ́ Rolls-Royce.

Rolls-Royce náà ṣì wà títí di òní, nílé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Gorki Leninskiye, ìletò kan lẹ́yìn Moscow, níbi tí Lenin kú sí ní 1924. Ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀ yóò rí mọ́tò ọlọ́lá tí gbogbo ayé mọ̀, àfi pé pákó gígùn méjì wà lábẹ́ táyà iwájú, tí ẹnu wọn ká sókè bí imú ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tó bá yí lọ sẹ́yìn ló máa lanu, torí kò sí táyà níbẹ̀ rárá. Ìgbànú rọ́bà ńlá ló wà lọ́tùn-ún àti lósì, tí wọ́n gbé kọ́ àwọn róbótó kéékèèké, bíi ti katapílà tó ń la ọ̀nà, ṣùgbọ́n tí kò ní irin. Lenin, ẹni tó ní kí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ olówó, mọ́tò olówó ló ń gùn kọjá nígbà òtútù. N kò bá a jà. Òtútù Rọ́ṣíà kì í béèrè ẹgbẹ́ òṣèlú tí èèyàn ń ṣe.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ ká fẹnu kò lórí orúkọ. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá pe nǹkan funfun tó ń bo ilẹ̀ nígbà òtútù ní òjò dídì. Ọ̀pọ̀ wa a máa pe gbogbo rẹ̀ ní yìnyín, títí kan èyí tó ń dún lórí páànù nígbà òjò àkọ́rọ̀. Òjò dídì ló tẹ́ mi lọ́rùn, torí òjò náà ni lóòótọ́, òtútù ló mú un. Àwọn èèyàn wa tó wà ní Chicago àti Toronto mọ bó ṣe ń bọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí òwú, bí ẹni pé kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ẹ jẹ́ kó wá kó jọ dé itan. Ẹsẹ̀ á wọlé, kò ní fẹ́ jáde. Mọ́tò á wọlé, ikùn rẹ̀ á jókòó lé e, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa yí lófìfo. Ohun tó ṣe Toyota Bonamoussadi náà nìyẹn, àwọ̀ lásán ló yàtọ̀.

Ẹ wo adìẹ àti pẹ́pẹ́yẹ lẹ́yìn òjò. Ìka adìẹ a máa gún ilẹ̀ rírọ̀ wọlé, á sì máa fà á yọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí bàtà rẹ̀ há sẹ́rẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ tó wúwo jù ú lọ á gba ibẹ̀ kọjá láìwo ẹ̀yìn, nítorí awọ tó so ìka rẹ̀ pọ̀ ti pín ìwúwo rẹ̀ kárí ilẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n inú mọ́tò òjò dídì kò ju èyí lọ. Táyà mọ́tò, bó ti wù kó tóbi tó, ojú ibi tó ti kan ilẹ̀ kò fẹ̀, orí ibi kékeré yẹn sì ni gbogbo ẹrù ọkọ̀ dúró lé. Ẹ na ibẹ̀ gùn, ẹ sọ ọ́ di ẹní, ọkọ̀ á dúró lórí ohun tí kò lè gba ènìyàn dúró. Pákó àwọn ọmọ Bonamoussadi jẹ́ ẹní kékeré tí èèyàn gbọ́dọ̀ gbé síwájú táyà, ìgbésẹ̀ kan péré ló sì gbà. Ìgbànú rọ́bà ni pákó tí kì í tán: ọkọ̀ á tẹ́ ẹ síwájú ara rẹ̀, á kọjá lórí rẹ̀, á ká a nílẹ̀ lẹ́yìn, á tún gbé e wá síwájú.

Ẹni tó mú èyí wá ni Adolphe Kégresse, ọmọ Faransé tí wọ́n bí ní Héricourt ní 1879. Ó wáṣẹ́ lọ sí Rọ́ṣíà ní ọ̀dọ́, ó sì di ọ̀gá mẹkáníìkì ní ibùdó mọ́tò Ọba Nicholas Kejì. Ọba yìí fẹ́ràn mọ́tò bí àwọn ọba tó ṣáájú rẹ̀ ṣe fẹ́ràn ẹṣin. Wàhálà ibẹ̀ ni pé oṣù púpọ̀ nínú ọdún ni òjò dídì fi ń bo ilẹ̀ Rọ́ṣíà, nígbà náà gbogbo mọ́tò olówó iyebíye tó wà lágbàlá á di ohun tí wọ́n ń wò, ẹṣin á tún máa fa ọba kiri. Ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní ni Kégresse yọ táyà ẹ̀yìn dànù, tó fi ìgbànú rọ́bà rẹ̀ rọ́pò. Katapílà onírin ti wà ṣáájú, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó sì lọ́ra. Ìgbànú Kégresse fúyẹ́, ó ń tẹ̀ bá gbágungbàgun ilẹ̀ lọ, ọkọ̀ tó wọ̀ ọ́ sì lè sáré díẹ̀. Nígbà tí ogun dé, àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà fi sábẹ́ ọkọ̀ Austin tí wọ́n fi irin bò, iléeṣẹ́ Putilov ló bá wọn ṣe é. Ìgbà tí ọdún 1917 fi máa parí, ọba ti bọ́ lórí oyè, mẹkáníìkì rẹ̀ sì ti sá padà sílé. Ọgbọ́n rẹ̀ kò bá a lọ. Putilov yìí kan náà ló fi ìgbànú sábẹ́ Rolls-Royce Lenin.

Ní Paris, Kégresse bá André Citroën pàdé. Ẹni tó bá mọ ìtàn Citroën mọ̀ pé bó ti ń ta mọ́tò ló ń ta ariwo: òun ló ya orúkọ ara rẹ̀ sára Ilé Ìṣọ́ Eiffel pẹ̀lú iná mànàmáná ní 1925. Wọ́n dán ọkọ̀ náà wò lórí òjò dídì àwọn òkè Faransé, ó ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rí i níbẹ̀, yàtọ̀ sáwọn tó wá ṣeré? Citroën ronú kan ilẹ̀ rírọ̀ mìíràn tí Faransé ń fi okun dè mọ́ra nígbà náà, ìyẹn iyanrìn Sàhárà. Bí mọ́tò tí wọ́n ṣe fún òtútù ọba Rọ́ṣíà ṣe kọjú sí ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú nìyẹn.

Ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá 1922 ni ọkọ̀ márùn-ún gbéra ní Touggourt ní Algeria. Èèyàn mẹ́wàá ló wà nínú wọn pẹ̀lú ajá kan tó ń jẹ́ Flossie. Ẹ́ńjìnnì wọn jẹ́ nǹkan bí agbára ẹṣin ogún. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ Márúwá lónìí, tó bá so méjì pọ̀, ó ti tó o. Ọjọ́ 7 oṣù Kìíní 1923 ni wọ́n wọ Timbuktu, àwọn mọ́tò àkọ́kọ́ tó la Sàhárà já. Wọ́n ti sọ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lórúkọ: ọ̀kan ń jẹ́ Scarabée d'Or, Kòkòrò Oníwúrà, ọ̀kan ń jẹ́ Croissant d'Argent, Oṣù Fàdákà, òmíràn ń jẹ́ Tortue Volante, Ìjàpá Tó Ń Fò. Ẹ̀yin tí wọ́n pa àlọ́ Ìjàpá àtàwọn ẹyẹ fún lẹ́bàá ààrò, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ Ìjàpá tó fò ṣe parí. Ó jọ pé àlọ́ yẹn kò dé Paris.

Orí wọ́n yá. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá 1924, ọkọ̀ mẹ́jọ tún gbéra ní Colomb-Béchar, Georges-Marie Haardt àti Louis Audouin-Dubreuil ló ṣáájú wọn. Ayàwòrán kan, Alexandre Iacovleff, bá wọn lọ. Olùdarí fíìmù, Léon Poirier, bá wọn lọ pẹ̀lú. Wọ́n la aṣálẹ̀, wọ́n gba ilẹ̀ Niger kọjá, Tessaoua títí dé Zinder, ẹ̀yìn odi Katsina àti Kano níbẹ̀ yẹn. Wọ́n yí Adágún Chad ká dé Fort-Lamy, ìyẹn N'Djamena òde òní. Ẹni tó bá dúró létí odò níbẹ̀, Kousséri tó ń wò lódìkejì, ilẹ̀ Kamẹrúùnù ni. Mo máa ń rò ó lọ́kàn mi pé bí ọmọdé kan ní Kousséri bá gbọ́ ariwo ọkọ̀ wọ̀nyẹn láti òdìkejì omi lọ́dún náà, a jẹ́ pé ó gbọ́ ohùn mọ́tò òjò dídì láìmọ̀ pé ohun tó ń jẹ́ òjò dídì wà láyé. Bangui ni wọ́n gbà lọ sí Congo, wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́rin ní Kampala, Haardt sì wọ Antananarivo ní Madagascar lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹfà 1925. Ìrìn náà lé ní 20,000 kìlómítà. Fíìmù Poirier jáde ní 1926, Paris ya bo ibi tí wọ́n ti ń fi í hàn.

Tìfura-tìfura ni kí ẹ fi ka ìròyìn wọ̀nyí, torí aláṣọ ńlá ló kọ ọ́. Igbó Congo dí. Nígbà tí ọkọ̀ máa dé ibẹ̀, àwọn aláṣẹ ti kó ogunlọ́gọ̀ àwọn ọmọ ilẹ̀ náà jáde kí wọ́n lọ gé igi, kí wọ́n lànà sílẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ní kò nílò ọ̀nà, ọwọ́ àwọn tí kò sí orúkọ wọn nínú ìwé ló ń lànà níwájú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni Renault ti fi ọkọ̀ onítáyà mẹ́fà la Sàhárà já ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1924, láìfi ìgbànú kankan ṣe. Ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Delingette àti ìyàwó rẹ̀ fi irú Renault bẹ́ẹ̀ gbéra ní Algeria ní oṣù Kọkànlá 1924, wọ́n sì dé Cape Town ní oṣù Keje 1925. Táyà lásán! Citroën fúnra rẹ̀ ti fẹ́ dá ọkọ̀ ìgbafẹ́ sílẹ̀ láti Algeria dé Timbuktu, pẹ̀lú òtẹ́ẹ̀lì lójú ọ̀nà fún àwọn olówó. Nígbà tó ku díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀ ní 1925, ó pa gbogbo rẹ̀ tì. Nígbà tí ẹ̀wádún 1930 fi ń lọ sópin, iléeṣẹ́ náà ti kó ìgbànú Kégresse kúrò nínú ọjà. Croissant d'Argent wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ ní Compiègne lónìí, wọ́n nu eruku Áfíríkà kúrò lára rẹ̀.

Mo ti fẹ́ fi ìtàn Kégresse mọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló rán mi sí Bonanjo lọ́jọ́ kejì láti lọ bá a gba ìwé kan, mo sì gba ẹ̀gbẹ́ ère Leclerc kọjá, ère tí àwọn kan tí inú ń bí sí ìjọba amúnisìn ti gé lórí rí. Ìgbà náà ni mo rántí pé ìgbànú yẹn ní ìyekan ní Douala.

Òru ọjọ́ 26 mọ́jú ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 1940 ni. Jámánì ti gba Paris. Ọ̀gágun Philippe de Hauteclocque, tó ń pe ara rẹ̀ ní Leclerc kí àwọn ará ilé rẹ̀ má bàa jìyà, fi ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ gba àárín ẹ̀gbà létí òkun wá láti apá Kamẹrúùnù tó wà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó tẹ̀ lé e lé díẹ̀ ní ogún. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Douala ti wà lọ́wọ́ wọn. Lára àwọn tó dara pọ̀ mọ́ ọn ni Raymond Dronne, tó jẹ́ aláṣẹ ìjọba amúnisìn ní Kamẹrúùnù níbí. Wọ́n jà láti Chad lọ sí Líbíà, wọ́n jà dé Túnísíà, Amẹ́ríkà wá fún wọn ní ọkọ̀ tuntun. Èwo nínú ọkọ̀? Àwọn tó ní táyà níwájú, tó ní ìgbànú rọ́bà lẹ́yìn. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti ra Citroën Kégresse kan ní 1931, wọ́n tú u wò, wọ́n kọ́ ọgbọ́n rẹ̀, wọ́n sì rọ èyí tó lé ní 40,000 nígbà ogun. Ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ 1944, Dronne ṣáájú àwọn ọmọ ogun Leclerc wọ Paris, àwọn ọmọ Sípéènì ló pọ̀ jù lábẹ́ rẹ̀, nínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì wà. Bí ọgbọ́n tí mẹkáníìkì kan dá kí ọba Rọ́ṣíà má bàa rì sínú òjò dídì ṣe gbé ọkùnrin kan láti Kamẹrúùnù padà sí olú ìlú rẹ̀ nìyẹn. Kégresse kò rí i. Ó kú ní 1943.

Títí di báyìí, mo ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí iyanrìn àti ogun, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé òjò dídì fúnra rẹ̀. Ibi tó ti pa èèyàn lára jù ni kí n mú yín lọ, Valcourt, ìlú kékeré kan ní Quebec, Kánádà. Mẹkáníìkì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Joseph-Armand Bombardier. Láti ọ̀dọ́ ló ti ń gbìyànjú ọkọ̀ tí yóò rìn lórí òjò dídì, torí lágbègbè rẹ̀, bí òtútù bá ti dé, wọ́n á gbé mọ́tò sórí igi, ó di ìgbà ooru. Ní 1934, ọmọ rẹ̀ kékeré, Yvon, tí kò ju ọmọ ọdún méjì lọ, ṣàìsàn inú. Iṣẹ́ abẹ lọmọ náà nílò, ilé ìwòsàn sì jìnnà. Òjò dídì ti dí gbogbo ọ̀nà. Baba tó ń ṣe mọ́tò kò ní mọ́tò tó lè gbé ọmọ rẹ̀ dé ibẹ̀. Ọmọ náà kú.

N kò mọ bí baba ṣe ń padà sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bombardier padà. Ohun tó ń da àwọn tó ṣáájú rẹ̀ láàmú ni pé òjò dídì máa ń kó sáàárín eyín róbótó àti ìgbànú, á dì síbẹ̀, á sì fà á já. Bombardier ṣe róbótó eléyín tí ó fi rọ́bà bò, ó so ó mọ́ ìgbànú tó lágbára, òjò dídì kò sì rí ibi dì mọ́ mọ́. Ó gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1937. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó tà ni B7, B dúró fún Bombardier, méje fún èèyàn méje. B12 tó gba èèyàn méjìlá tẹ̀ lé e ní 1942. Ẹ wá wo bó ṣe rí: ara rẹ̀ jẹ́ pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ká róbótó bí ìhà ẹja, fèrèsé róbótó bíi ti ọkọ̀ ojú omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, pákó ìyọ̀ méjì wà níwájú. Ààrò kékeré a máa wà nínú àwọn kan kí èrò má bàa kú sí òtútù. Ọkọ̀ yìí gbé dókítà, ó gbé àlùfáà, ó gbé lẹ́tà, ó gbé òkú. Irú rẹ̀ mìíràn, C18, ni wọ́n fi ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́.

Àwọn mìíràn ti gbìyànjú ṣáájú rẹ̀, n ó kàn fẹnu bà wọ́n. Virgil White ní New Hampshire, Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ ní 1917 fún pákó àti ṣéènì tí èèyàn lè fi sábẹ́ Ford Model T, àwọn dókítà abúlé àti àwọn tó ń gbé lẹ́tà rà á gan-an. Ọkọ̀ kan wà láàárín 1920 sí 1930 tí kò ní táyà, tí kò ní ìgbànú, tó jẹ́ pé irin méjì tó lọ́ bí ìṣó oníkókó ló ń fi ara rẹ̀ lọ́ inú òjò dídì lọ. Èyí tó sì tóbi jù nínú gbogbo wọn ló tún tẹ́ jù.

Snow Cruiser ni wọ́n pè é. Thomas Poulter ló ṣe é fún ìrìn àjò Amẹ́ríkà sí Antarctica ní 1939. Ó gùn tó mítà mẹ́tàdínlógún, ó wúwo ju ọgbọ̀n tọ́ọ̀nù lọ, táyà rẹ̀ ga ní mítà mẹ́ta, ọkọ̀ òfurufú sì wà lórí rẹ̀. Táyà yẹn dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, kò ní ilà kankan. Irú èyí tí wọ́n ti fi wọ àbàtà ní Louisiana ni. Poulter rò pé ohun tó bá la ẹrẹ̀ á la òjò dídì. Wọ́n wà á láti Chicago dé Boston, èrò tò sí ẹ̀gbẹ́ títì láti wò ó. Nígbà tó kan òjò dídì Antarctica ní oṣù Kìíní 1940, táyà rẹ̀ pòòyì bíi ti Toyota Bonamoussadi gẹ́lẹ́, ó rì. Wọ́n so ṣéènì mọ́ ọn, wọ́n fi táyà kún táyà. Nígbẹ̀yìn wọ́n rí i pé bí wọ́n bá wà á sẹ́yìn, ó máa ń rìn díẹ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń wà á fún nǹkan bí 150 kìlómítà. Wọ́n pa á tì síbẹ̀. Àwọn kan ṣalábàápàdé rẹ̀ lábẹ́ òjò dídì ní 1958, wọ́n wa ilẹ̀ bá a. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún rí i.

Kò sẹ́ni tó gbàgbé B12 bíi ti Snow Cruiser, torí ó ṣiṣẹ́. Ohun tó mú un kúrò lójú ọ̀nà ni ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ní 1948, ìjọba Quebec bẹ̀rẹ̀ sí í fi katapílà kó òjò dídì kúrò ní àwọn ọ̀nà ìgbèríko. Ọjà Bombardier já wálẹ̀ kíá. Ẹni tí mọ́tò lásán lè gbé dé ilé ìwòsàn, kí ló fẹ́ fi ọkọ̀ onígbànú ṣe? Bombardier yí ọgbọ́n padà. Ó ṣe ọkọ̀ fún igbó àti àbàtà, ó wá ṣe Ski-Doo ní 1959, alùpùpù kékeré tí àwọn èèyàn fi ń ṣeré lórí òjò dídì. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1964, iléeṣẹ́ rẹ̀ dàgbà dé ibi ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ òfurufú. Ẹni tó bá ti wọ Arik tàbí Aero láti Èkó lọ sí Àbújá rí, ó ṣeé ṣe kó ti jókòó nínú Bombardier láìmọ̀ pé ikú ọmọ kékeré kan ní Valcourt ló wà nídìí orúkọ náà.

Ìdí tí mo fi ń ro gbogbo èyí ní Bonamoussadi kò jìnnà. Òjò tó ń rọ̀ ní Douala lọ́dún lé ní 3,500 mìlímítà, ìlọ́po méjì ti Ìbàdàn, àfikún sì tún wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, Bonamoussadi kì í ṣe àdúgbò tálákà. Ètò ni wọ́n fi dá a sílẹ̀: MAETUR, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń pín ilẹ̀ ìlú, ló la púpọ̀ nínú rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì ṣì fi ń pe oríta kan níbẹ̀. Títì ńlá rẹ̀ dán. Ṣùgbọ́n ẹ kúrò lórí títì ńlá, ẹ wọ ẹ̀yìn ilé, ọ̀dà á tán lójijì bí aṣọ tí kò tó ẹni tó rà á. Ẹni tó ń jọba níbẹ̀ lóṣù keje ni ọlọ́kadà, tí Douala ń pè ní bendskin. Ó mọ ibi tí kòtò wà lábẹ́ omi. Ó mọ ẹ̀gbẹ́ ògiri tí ilẹ̀ ti le. Ó gbé aláboyún, ó gbé ọmọ ilé ìwé mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, mo sì rí èyí tó gbé fíríìjì. Iṣẹ́ tí B12 ń ṣe ní Quebec ni bendskin ń ṣe ní Bonamoussadi, àyàfi ti ààrò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Toyota yẹn, bendskin ni mo gùn dé oríta. Ìlọ́po méjì ló gbà lọ́wọ́ mi. Mo ní kí ló dé, ó fi ẹnu júwe ilẹ̀. N kò rí àwíjàre.

Ní alẹ́, mo fi àwòrán B12 han ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Mo ṣàlàyé fèrèsé róbótó rẹ̀, mo ṣàlàyé ìgbànú rẹ̀, mo sọ bí dókítà ṣe ń fi í wọ abúlé. Mo ní nínú gbogbo àwọn ọkọ̀ tí mo ti kà nípa wọn, tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan wá sí Douala, òun ni n ó mú, kì í ṣe ti Kégresse, kì í ṣe ti Poulter. Ó gba fóònù, ó wò ó dáadáa, ó fi ìka fa àwòrán náà tóbi.

"Ó dáa o," ó ní. "Àbúrò mi, bí o bá ń bọ̀ níbí lọ́dún tó ń bọ̀, fi mọ́tò sílẹ̀ sí Kánádà. Gọ́tà ni kí o bá wa gbé wá."